Ẹ Bi Wá: Kí Ni Òkúta Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́ Ń Sọ?

Lẹ́tà tó wọlé lórí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lóṣù yìí pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé wa lè gbà lọ. Méje la mú nínú wọn. Inú wa dùn pé àwọn èèyàn wa ń dúró wo òkúta wọ̀nyí dípò kí wọ́n kàn ya fótò kí wọ́n sì kọjá.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi àti ìyàwó mi lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Chartres ní ilẹ̀ Faransé. Lókè ilẹ̀kùn àárín, a rí ẹnì kan tó jókòó nínú ohun kan tó rí bí ojú tí wọ́n gbé dúró lóòró. Kìnnìún, màlúù, ẹyẹ àti ènìyàn abìyẹ́ yí i ká. Ẹni tó mú wa káàkiri sáré sọ̀rọ̀ kọjá. Ta ni wọ́n? Ibo la tilẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á? (Olùkàwé, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹ̀yà ara ẹnu ọ̀nà, torí pé ibi tí wọ́n gbé àwòrán sí ló ń sọ ipò rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: òpó ìhà méjèèjì ló dúró lọ́tùn-ún lósì, irú èyí tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi ẹ̀jẹ̀ kùn ní Íjíbítì. Àtẹ́rígbà ni òkúta gbọọrọ tó dábùú lórí wọn. Orí àtẹ́rígbà ni ojú òkúta tó rí bí ìlàjì òṣùpá wà, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀lé ń pè ní tympanum. Òkúta tó tẹ̀ bí ọrun ọlọ́dẹ, ìpele lórí ìpele, ló wá yí ìlàjì òṣùpá yẹn po. Bí ẹnu ọ̀nà bá fẹ̀ jù, wọ́n á ri òpó kan sí àárín gbùngbùn rẹ̀.

Ohun tó fa ètò yìí kì í ṣe ẹwà nìkan. Òkúta kì í bẹ̀rù ẹrù tó bá jókòó lé e lórí, ṣùgbọ́n tí a bá dá a dábùú tí ẹrù sì ń tẹ̀ ẹ́ láàárín, abẹ́ rẹ̀ ni yóò máa fà ya, kò sì lágbára níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí àtẹ́rígbà gígùn fi máa ń sán ní agbedeméjì, ìdí nìyẹn náà tí òpó àárín fi wà. Ọrun òkúta tó wà lókè ló ń gba ẹrù ògiri, tó ń tì í sọ́dọ̀ òpó ọ̀tún àti òsì. Ìlàjì òṣùpá tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò wá ru nǹkan kan mọ́, ó di ibi tí agbẹ́kùúta lè fín bó ṣe fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ìran tó ga jù lọ sí.

Ẹnu ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn tí ẹ wò yẹn, nǹkan bí ọdún 1145 sí 1155 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Iná tó jó ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́dún 1194 kò rí i mú. Ẹni tó jókòó ni Jésù Kírísítì nínú ògo rẹ̀. Ẹ wo òbìrí ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀: wọ́n fín àgbélébùú sínú rẹ̀. Àwọn ẹni mímọ́ yòókù ní òbìrí tiwọn, àmọ́ kò sí àgbélébùú nínú rẹ̀. Àmì yìí kì í sábà tanni jẹ, ẹ máa fi ṣe kọ́kọ́rọ́ níbikíbi tí ẹ bá dé.

Àwọn mẹ́rin tó yí i ká ni ẹ̀dá alààyè inú Ìsíkíẹ́lì orí 1 àti Ìfihàn orí 4. Àwọn Kristẹni ìgbàanì fi wọ́n dúró fún àwọn tó kọ ìhìn rere: ènìyàn fún Mátíù, kìnnìún fún Máàkù, màlúù fún Lúùkù, idì fún Jòhánù. Gbogbo wọn ló ní ìyẹ́, títí kan màlúù, nítorí náà ẹ má ṣe pe ènìyàn abìyẹ́ yẹn ní áńgẹ́lì lásán. Àwọn àpọ́sítélì ló tò sára àtẹ́rígbà lábẹ́ ẹsẹ̀ Olúwa. Àwọn àgbà 24 inú Ìfihàn wà lára ọrun òkúta. Lára àwọn òpó ìsàlẹ̀, àwọn ọba àti ayaba inú Májẹ̀mú Láéláé ló dúró gbọọrọ bí òpó fúnra wọn. Ẹ wá rí i báyìí: Májẹ̀mú Láéláé nísàlẹ̀, àwọn àpọ́sítélì lórí wọn, Olúwa lókè pátápátá. Ìsàlẹ̀ lẹ ti ń kà á lọ sókè.

Tí ẹ bá tún padà sí Faransé, ẹ dé Moissac. Níbẹ̀, inú ìlàjì òṣùpá gan-an ni wọ́n kó àwọn àgbà 24 sí, oníkálukú pẹ̀lú ohun èlò orin olókùn àti ife. Ẹ wo ọrùn wọn. Èyí tó jókòó sápá ọ̀tún yí ọrùn sósì, èyí tó wà nísàlẹ̀ gbé àgbọ̀n sókè, àwọn kan lọ́ ọrùn débi pé ẹ ó máa rò pé yóò dùn wọ́n. Olúwa ni gbogbo wọn ń wò.

Ẹ jọ̀ọ́, nínú àwòrán Ìdájọ́ Ìkẹyìn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, apá èwo ni ti àwọn tó là? Ọmọ mi ní apá ọ̀tún ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn tí ń jìyà. (Olùkàwé, Ìjẹ̀bú Òde)

Ọ̀tún Olúwa ni, kì í ṣe ọ̀tún yín, mà. Ó kọjú sí yín, nítorí náà ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sí òsì ẹni tó ń wò ó. Mátíù 25 ló ti wá: àgùntàn lọ́tùn-ún, ewúrẹ́ lósì. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń mú àlejò káàkiri ló ń da èyí rú.

Èyí tó wà ní Autun, ní Burgundy ní ilẹ̀ Faransé, ni kí ẹ fi kọ́ ọmọ. Lára àtẹ́rígbà rẹ̀, àwọn òkú ń jí dìde. Ní apá àwọn tó là, arìnrìn-àjò ilẹ̀ mímọ́ méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé àpò kọ́: wọ́n fín ìkarahun sára àpò ọ̀kan, àmì Santiago de Compostela ní Sípéènì nìyẹn, wọ́n sì fín àgbélébùú sára ti èkejì, àmì Jerúsálẹ́mù. Ní apá kejì, ọwọ́ ńlá méjì yọ látòkè, ó fún ẹnì kan lọ́rùn, ẹ ò sì rí ẹni tó ni ọwọ́. Lókè rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ọkàn lórí òṣùwọ̀n, tí ẹ̀mí àìmọ́ ń fa abọ́ ọ̀kan nísàlẹ̀ kí ó lè tẹ̀wọ̀n.

Lọ́dún 1766, àwọn àlùfáà ibẹ̀ rò pé àwòrán náà kò bójú mu mọ́, wọ́n bá rẹ́ ẹ pa bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Orí Jésù yọ síta ju ibi tí wọ́n fẹ́ rẹ́ lọ, wọ́n gé e kúrò. Lọ́dún 1837 ni wọ́n tó ṣí i, ọdún 1948 ni wọ́n sì dá orí náà padà sí àyè rẹ̀. Ìrẹ́pa yẹn ló gbà á lọ́wọ́ òòlù àwọn tó fọ́ ọ̀pọ̀ ère ṣọ́ọ̀ṣì nígbà rògbòdìyàn Faransé.

Kí ni kìnnìún, ejò àti orí ẹranko burúkú ń wá lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run? Pásítọ̀ wa ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. (Olùkàwé, Birmingham)

A bọ̀wọ̀ fún pásítọ̀ yín, àmọ́ òkúta náà fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Ní Jaca, lápá àríwá Sípéènì, wọ́n fín kìnnìún méjì sókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ lápá ìparí ọ̀rúndún kọkànlá, wọ́n sì fi èdè Látìn kọ ìtumọ̀ sára rẹ̀. Kìnnìún òsì dúró lórí ọkùnrin kan tó dọ̀bálẹ̀, kò sì pa á lára: àkọlé sọ pé bí kìnnìún ṣe ń dá ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni Kírísítì ń dá ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ sí. Kìnnìún ọ̀tún ń tẹ ẹranko mọ́lẹ̀: alágbára tó ń tẹ ìjọba ikú mọ́lẹ̀ nìyẹn. Kírísítì ni kìnnìún méjèèjì. Láàárín wọn ni àgbá kẹ̀kẹ́ kan wà tó ní lẹ́tà Gíríìkì X àti P nínú, lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Kírísítì. Bí ẹnì kan bá ka P yẹn sí "pí", ó ti ṣìnà: "r" ni ní èdè Gíríìkì.

Kì í ṣe gbogbo ẹranko ni Kírísítì, a gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tó wà ni kí ẹ wò. Èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ òpó ni èyí tí wọ́n ṣẹ́gun. Èyí tó dojú kọ ìta ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní Kilpeck ní Herefordshire, tí kò jìnnà púpọ̀ sí ọ̀dọ̀ yín, ẹnu ọ̀nà gúúsù tí wọ́n fi òkúta pupa gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1140 ṣì wà. Orí ẹyẹ àti ẹranko kún ara ọrun òkúta, ejò ń gbé ara wọn mì lára òpó ìta. Inú ìlàjì òṣùpá ńkọ́? Igi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àjàrà tó so: igi ìyè. Ìdàrúdàpọ̀ wà níta, ìyè wà láàárín, ẹni tó bá ń wọlé yóò gba abẹ́ igi náà kọjá. Bí òkúta ibẹ̀ ṣe mú títí di òní, ẹ lè ka ìpẹ́ ara ejò.

Ní Durham, lápá àríwá Íńgílándì, orí ẹranko onídẹ tó ní òrùka lẹ́nu wà lára ilẹ̀kùn àríwá. Láyé ọjọ́un, ẹni tí wọ́n bá ń lé, tó bá ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ 37, kí ó lè múra ẹjọ́ tàbí kó fi ìlú sílẹ̀. Inú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ògidì rẹ̀ wà báyìí, àwòṣe ló wà lára ilẹ̀kùn. Fún ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, ojú ẹranko yẹn ni ojú àánú.

Mo rí àgbélébùú tó dorí kodò àti ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún lára ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan. Ṣé àwọn awo ló kọ́ ọ ni? (Olùkàwé, Houston)

Rárá o. Àgbélébùú tó dorí kodò jẹ́ ti Pétérù, ẹni tí àwọn ìjọ ìgbàanì sọ pé wọ́n kàn mọ́gi ní ìdorí-kodò. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó sábà rí kọ́kọ́rọ́. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún máa ń dúró fún ọgbẹ́ márùn-ún Jésù láyé ọjọ́un. Ìtumọ̀ òkùnkùn tí àwọn èèyàn ń fún àwọn àmì méjèèjì lóde òní dé lẹ́yìn tí òkúta wọ̀nyí ti pẹ́ lórí ìdúró.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà nítòsí wa ní Norfolk. Lára òpó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo rí ihò kan tí ìlà tíntìntín tú jáde lára rẹ̀ bí ìtànṣán, mo tún rí òdòdó oníwé mẹ́fà nínú òbìrí. Ṣé ọmọdé ló fi ìṣó họ ọ́? (Olùkàwé, Norwich)

Inú wa dùn sí lẹ́tà yìí gan-an, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò ni. Èyí tó ní ihò yẹn, aago oòrùn ni. Wọ́n á ti igi tàbí irin pẹlẹbẹ sínú ihò náà, òjìji rẹ̀ á máa rìn lórí àwọn ìlà. Kí ẹ lè dá a mọ̀ dájú, ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Ògiri gúúsù ló gbọ́dọ̀ wà, níbi tí oòrùn ń bá a. Ìlà kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tààrà láti inú ihò náà: ọ̀sán gangan nìyẹn. Ìlà tó wà ní agbedeméjì òun àti ìlà ìbú apá òsì yín ni bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, nítorí pé òwúrọ̀ ni oòrùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, òjìji á sì bọ́ sósì. Ìlà yẹn ni wọ́n sábà máa ń fín jìn ju àwọn yòókù lọ. Ìsìn Máàsì ni wọ́n fi ń wọ̀n, kì í ṣe wákàtí ọjọ́.

Bí ẹ bá bá a nínú ìloro tí òrùlé ṣíji bò, tàbí tí ìlà ọ̀sán rẹ̀ wó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má rò pé àwọn tó ṣe é kò gbọ́n. Ọ̀kan nínú méjì ló ṣẹlẹ̀: wọ́n kọ́ ìloro lẹ́yìn náà, tàbí wọ́n tú òkúta náà láti ibòmíràn tún lò.

Òdòdó oníwé mẹ́fà náà rọrùn láti ṣe. Ẹ fi kọ́ńpáàsì ya òbìrí kan, ẹ má ṣe yí fífẹ̀ rẹ̀ padà, ẹ wá gún ẹsẹ̀ rẹ̀ sára òbìrí náà ní ìgbà mẹ́fà, kí ẹ máa ya ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba inú. Àwọn kan tó ń ṣèwádìí rẹ̀ ní wọ́n fi ń lé ibi sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà ni, àwọn mìíràn ní ọ̀mọ̀lé ló fi ń dán kọ́ńpáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀ wò. Lójú tiwa, ibi tó wà ló máa sọ ọ́. Bó bá wà lẹ́bàá ihò kọ́kọ́rọ́ tàbí lórí àtẹ́rígbà, tó sì wà nítòsí lẹ́tà VV tí ọ̀pọ̀ ń kà sí orúkọ Wúńdíá Màríà, ààbò ni wọ́n ń wá. Bó bá wà lára òkúta kan lókè, tí ọwọ́ ẹni tó dúró nílẹ̀ kò lè dé ọ̀hún, a máa gbà pé ti ọ̀mọ̀lé ni.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ àmì ọ̀mọ̀lé gan-an. Ìlà gbọọrọ díẹ̀ ni ìyẹn, irú kan náà á sì tún wà lára òkúta púpọ̀, òun ni wọ́n fi ń ka iye òkúta tí oníkálukú gbẹ́ kí wọ́n tó sanwó fún un. Àgbélébùú tó wà nínú òbìrí, tí wọ́n fi kọ́ńpáàsì ya dáadáa, lè jẹ́ ibi tí bíṣọ́ọ̀bù ta òróró sí lọ́jọ́ tí wọ́n ya ilé náà sí mímọ́. Ibi 12 ni wọ́n máa ń ta á sí nínú ilé.

Láti rí wọn, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ìmọ́lẹ̀ máa fẹ́ ojú òkúta lẹ́lẹ́. Bí ẹ bá tan án síwájú tààrà, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ má ṣe fi ṣọ́ọ̀kì tàbí èédú kùn ún kó lè hàn, ẹ má sì fi ìka tọ ìlà rẹ̀.

Káfíńtà ni mí. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà jẹ́ "ilẹ̀kùn àgbélébùú àti Bíbélì", pé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló ti wá. Ṣé òótọ́ ni? (Olùkàwé, Ìbàdàn)

Ọ̀gá, ojú lè rí àgbélébùú láàárín pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin òkè, kó sì rí ìwé tó ṣí nínú méjì ìsàlẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó gbọọrọ tí wọ́n tò síra, tí wọ́n fi irin dì, ni wọ́n. Ọ̀kan wà ní Hadstock ní Essex láti ọ̀rúndún kọkànlá, wọ́n ṣì ń gba ibẹ̀ wọlé. Àmì ara irú àwọn bẹ́ẹ̀, irin rẹ̀ ni kí ẹ wá a sí.

Pánẹ́ẹ̀lì wá láti inú ìwà igi. Igi kì í gùn sí i, fífẹ̀ ló máa ń fẹ̀ nígbà òjò, tó sì máa ń súnkì lásìkò ọyẹ́. Pákó tó fẹ̀ tó 300mm lè fi nǹkan bí 3mm yàtọ̀ láàárín àsìkò méjèèjì. Nítorí náà, ẹ gbẹ́ ojú ihò inú fíréèmù jìn tó 12mm, kí ẹ jẹ́ kí etí pánẹ́ẹ̀lì wọ̀ ọ́ tó 9mm lápá kọ̀ọ̀kan. Gọ́ọ̀mù fún ahọ́n igi àti ihò rẹ̀ nìkan ni, ẹ má fi kan pánẹ́ẹ̀lì láé. Ẹni tó bá lẹ pánẹ́ẹ̀lì mọ́ fíréèmù, ọyẹ́ àkọ́kọ́ yóò là á láàárín gbọnrangandan. Ẹ kun pánẹ́ẹ̀lì ní kíkùn kí ẹ tó tò ó, kí igi funfun má bàa yọ létí nígbà tó bá súnkì.

Bí oníbàárà bá fẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń sọ̀rọ̀ ní tòótọ́, ẹ fi Hildesheim ní Jámánì hàn án. Lọ́dún 1015 ni wọ́n fi idẹ rọ ilẹ̀kùn méjì náà, odidi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìran mẹ́jọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn òsì ń kà láti òkè wá sísàlẹ̀: ìṣẹ̀dá, ìṣubú, títí dé ibi tí Kéènì ti pa Ébẹ́lì. Tọ̀tún ń kà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: láti orí ìkéde fún Màríà títí dé àjíǹde. Ní ìlà kẹta láti òkè, igi tí Ádámù ti jẹun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú, igi sí igi. Ní ìlà kẹfà, Éfà gbé ọmọ mọ́ra lápá kan, Màríà gbé Ọmọ lápá kejì. Ọ̀dọ̀ wa náà ní àwòkọ́ṣe. Ibi iṣẹ́ ọnà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ́dún 1947, lábẹ́ Fadá Kevin Carroll, ni agbẹ́gilére Lámídì Fákẹ́yẹ ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, òun ló sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ọ̀dọ́ àgùntàn tí wọ́n fi ẹfun ìkọ́lé (lime) mọ sókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, iṣẹ́ àwọn Àgùdà, ti ń ṣí. Bíríkìlà kan fi sìmẹ́ńtì dí i lọ́dún tó kọjá, ó sì burú sí i. Kí ni kí ìgbìmọ̀ ilé ṣe? (Olùkàwé, Èkó)

Sìmẹ́ńtì ló ba a jẹ́. Ògiri àtijọ́ tí wọ́n fi ẹfun rẹ́ máa ń mí: omi tó bá gba ìsàlẹ̀ gòkè á gba ojú ẹfun jáde. Sìmẹ́ńtì le ju ẹfun lọ, ó dí omi náà mọ́nú, iyọ̀ inú omi wá ń di kókó lẹ́yìn àwòrán, ó sì ń tì í síta díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá orísun omi kọ́kọ́: gọ́tà tó ń jò, tàbí ilẹ̀ tí wọ́n ti kún sókè mọ́ ògiri. Kí ẹ tó yanjú ìyẹn, àtúnṣe kankan kò ní dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fótò àwòrán náà lápá ọ̀tún, òsì àti iwájú, ẹ tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tọ etí rẹ̀. Ẹ fi eegun ìka gbá a jẹ́jẹ́: ibi tó bá dún gbọ̀ngbọ̀n ti ṣí, èyí tó bá dún kì ṣì dára, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ yọ sìmẹ́ńtì pẹ̀lú òòlù kékeré àti kísẹ́ẹ̀lì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ iná débẹ̀.

Ìwọ̀n ẹfun kan sí ìwọ̀n yanrìn mẹ́ta, yanrìn tí wọ́n fọ̀ tí kò ní amọ̀ nínú. Ẹ wọ́n omi sára ògiri, ẹ fi í rẹ́ ní ìpele tí kò nípọn ju 10mm lọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan dì kí ẹ tó gbé èkejì lé e. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, torí oòrùn Èkó lè gbẹ ẹ́ kíákíá kó sì sán. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, ẹfun tútù ń jó ojú. Ẹfun olómi ni kí ẹ fi kùn ún nígbẹ̀yìn, kì í ṣe ọ̀dà oníke.

Ní ti àwòrán náà fúnra rẹ̀: ọ̀dọ́ àgùntàn yìí gbọ́dọ̀ ní òbìrí alágbèélébùú lẹ́yìn orí, kó sì fi ẹsẹ̀ iwájú kan di ọ̀pá àsíá mú. Bó bá dùbúlẹ̀ lórí ìwé, ẹ ka èdìdì rẹ̀, méje ló yẹ kó jẹ́, bó ṣe wà nínú Ìfihàn orí 5. Ọ̀pá àsíá ló sábà ń kọ́kọ́ já, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Kí wọ́n tó tún un mọ, ẹ béèrè fótò ìgbéyàwó àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ìdílé inú ìjọ, ẹnu ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ti máa ń dúró ya fótò, ẹ ó sì rí ibi tí ọ̀pá náà dà kọ sí.